Sigil wo ló bá ọ̀rọ̀ yín mu? Ìfiwéra àwọn ọ̀nà tí a fi ń ṣe é

Ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ sigil, ìyẹn yíya àmì tí a di ìfẹ́ ọkàn sínú rẹ̀, máa ń bi mí jù ni pé, "Èwo ló lágbára jù nínú àwọn ọ̀nà tí a fi ń ṣe é?" N kì í dá wọn lóhùn tààrà. Èmi náà á bi wọ́n padà pé: ṣé àmì tí ẹ fẹ́ gbàgbé ni, àbí èyí tí ẹ fẹ́ máa fojú kàn lójoojúmọ́? Ẹni tó bá ti mọ ìdáhùn sí ìyẹn ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ yíyàn lọ. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí kí èèyàn lè gbàgbé. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí ẹ kò bá máa wò ó, kò wúlò. Àwọn tó da méjèèjì pọ̀ ló sábà máa ń ráhùn pé kò jẹ́.

Ọ̀rọ̀ Látìnì kan, sigillum, ni sigil ti wá, èdìdì ló sì túmọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí èdìdì yẹn wà lọ́kàn yín: ohun tí a fi ń ti nǹkan pa, tí a sì fi ń fi hàn pé ti ẹnì kan ni. Nínú iṣẹ́ àjẹ́ òde òní (kì í ṣe àjẹ́ tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé ni mò ń wí o, iṣẹ́ awo tí èèyàn ń fi ìwé, àbẹ́là àti ọkàn rẹ̀ ṣe ni), àwòrán kékeré tí a di ìfẹ́ ọkàn tàbí orúkọ kan sínú rẹ̀ ni sigil. Gbólóhùn wọlé, àwòrán jáde. Ẹlòmíràn á wò ó títí, kò ní rí i kà.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ ká kó wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà lẹ́tà

Òun ni mo fẹ́ràn jù, mi ò sì ní fi pamọ́ fún yín. Austin Osman Spare ló gbé e kalẹ̀. Ayàwòrán ni, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1886, ó sì kú ní 1956. Nínú ìwé kan tó fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1913 ló ti ṣàlàyé rẹ̀: kọ ohun tí o fẹ́ sílẹ̀, yọ àwọn lẹ́tà tó bá tún wáyé kúrò, kó ìyókù pọ̀ kí wọ́n di àwòrán kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, gbàgbé rẹ̀. Lójú Spare, ìfẹ́ tí a ń rò ṣáá máa ń dí ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni, bí ẹni gbin irúgbìn sílẹ̀ tó ń hú u wò láràárọ̀. Ó gbọ́dọ̀ rì sí ìsàlẹ̀ ọkàn, níbi tí ọwọ́ àníyàn kò ti ní tó o. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, àwọn oníṣẹ́ awo kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pe ọ̀nà tiwọn ní chaos magic, gba ọ̀nà yìí lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ló sì jẹ́ kó tàn ká.

Àlàyé tí ẹ máa rí káàkiri á ní kí ẹ yọ gbogbo fáwẹ̀lì kúrò pẹ̀lú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní lọ́kàn. Ní ti gbólóhùn Yorùbá, ẹ fara balẹ̀, nítorí fáwẹ̀lì ló ń gbé ọ̀rọ̀ wa dúró, bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ dànù, gbólóhùn kúkúrú lè ṣẹ́ ku lẹ́tà méjì péré, méjì kò sì tó ya nǹkan kan.

Ẹ wo gbólóhùn tí mo lò fún ara mi nígbà tí mi ò rí oorun sùn: *Ọkàn mi balẹ̀ lóru.* Ẹ kíyè sí i pé mi ò kọ "Mi ò ní bẹ̀rù mọ́", torí bí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù gan-an ni mo kọ́kọ́ dì sínú èdìdì. Mo kọ ọ́ bí ohun tó ti rí bẹ́ẹ̀. Àmì ohùn kì í ṣe lẹ́tà, nítorí náà mo yọ ọ́. Ṣùgbọ́n àmì abẹ́ lẹ́tà dúró, torí Ẹ kì í ṣe E, Ọ kì í sì í ṣe O. Ó wá di Ọ K A N M I B A L Ẹ L O R U, lẹ́tà 14. A kejì àti L kejì lọ, ó ku 12. Ẹni tó bá fẹ́ dúró níbẹ̀ lè dúró. Èmi yọ fáwẹ̀lì náà, mo sì ka N inú *ọkàn* mọ́ wọn, nítorí òun àti A tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n jọ ń jẹ́ fáwẹ̀lì àránmúpè kan. Lẹ́tà márùn-ún ló kù: K, M, B, L, R.

Bí mo ṣe yà á nìyí. Mo fa igi K. Igi kan náà ni mo lò fún ẹ̀yìn B àti ẹ̀yìn R, kí wọ́n má bàa di igi mẹ́ta. Ẹsẹ̀ R àti ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ K di ọ̀kan. Ìlà ìsàlẹ̀ L di ilẹ̀ tí gbogbo wọn dúró lé lórí, M sì jókòó sókè bí òrùlé. Mo tún un yà bí ẹ̀ẹ̀mẹfà, mo ń gé ìlà tí kò wúlò kúrò, títí tí mi ò fi rí lẹ́tà kankan nínú rẹ̀ mọ́, ilé kékeré kan tó fẹ̀yìn ti igi ni mò ń rí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti tán. Bí ẹ bá ṣì lè ka lẹ́tà inú rẹ̀, ẹ kò tíì ṣe é tán.

Ọ̀nà yìí yá, kò gba ìmọ̀ ìràwọ̀, ó sì jẹ́ tiyín pátápátá. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ẹwà ń tan èèyàn: ẹ lè máa ya àwòrán tó dára, kí ẹ sì ti gbàgbé ohun tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ yà á kí ẹ tó parí.

Àpótí nọ́ńbà

Èyí jẹ́ òdìkejì ti àkọ́kọ́ nínú ìwà. Ní 1533, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Heinrich Cornelius Agrippa tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìmọ̀ awo jáde, àpótí nọ́ńbà méje sì wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀kan nínú àwọn méje tí àwọn àgbà ìgbà yẹn kà sí pílánẹ́ẹ̀tì, tó fi mọ́ Oòrùn àti Òṣùpá. Ti Saturn ló kéré jù:

4 9 2
3 5 7
8 1 6

Ẹ kà á ní ìbú, ẹ kà á ní òró, ẹ kà á láti igun dé igun, 15 ni yóò máa jẹ́. Ti Jupiter ní ìlà mẹ́rin, ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 34. Ti Oòrùn ní ìlà mẹ́fà, 111. Ti Òṣùpá ló tóbi jù, ìlà mẹ́sàn-án, 369. Agrippa kọ́ ló kọ́kọ́ mọ irú àpótí yìí o. Nínú àwòrán kan tí ayàwòrán ọmọ Jámánì, Albrecht Dürer, fín sórí bàbà ṣáájú ìgbà náà, àpótí ìlà mẹ́rin kan wà lára ògiri, 15 àti 14 sì jókòó ti ara wọn láàárín ìlà ìsàlẹ̀: 1514, ọdún tó ṣe é. Inú mi máa ń dùn ní gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni pé lẹ́tà á di nọ́ńbà, ẹ ó wá fi ìlà so nọ́ńbà pọ̀ nínú àpótí. Lẹ́tà 25 ni ábídí Yorùbá ní, GB sì jẹ́ lẹ́tà kan. Bí ẹ bá ń kà wọ́n láti 1 dé 9, tí ẹ tún ń padà sí 1, A á jẹ́ 1, B á jẹ́ 2, D á jẹ́ 3, bẹ́ẹ̀ títí. Lẹ́tà márùn-ún mi á wá rí báyìí: K jẹ́ 3, M jẹ́ 5, B jẹ́ 2, L jẹ́ 4, R jẹ́ 1. Ẹ fi ìka tọ̀ ọ́ nínú àpótí òkè yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lápá òsì níbi 3, ẹ wọ àárín lọ sí 5, ẹ gun òkè lọ sí 2 ní igun ọ̀tún, ẹ gba orí òkè padà sí 4 ní igun òsì, ẹ wá já wálẹ̀ sí 1. Bí ìlà ìkẹyìn yẹn ṣe ń bọ̀ nílẹ̀, ó gba orí ìlà àkọ́kọ́ kọjá, wọ́n ṣe orítá kékeré kan síbẹ̀. Wọ́n sábà máa ń fi róbótó kékeré sí ibi ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì fi ìlà kúkúrú dábùú ibi tó parí sí.

Ẹ wá fi í wé ti lẹ́tà. Níbí, ọwọ́ yín kò ní ipa kankan nínú bí àmì á ṣe rí. Ẹnikẹ́ni tó bá mú ọ̀rọ̀ kan náà àti ábídí kan náà á bá ìlà kan náà pàdé. Ẹni tí kò mọ àwòrán yà á sinmi. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa ń ṣiyèméjì, tó ń bi ara rẹ̀ pé "ṣé mo ṣe é dáadáa?", á rí ohun gidi dì mú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ àpótí tó yẹ. Saturn ni wọ́n ń lò fún ààlà, sùúrù àti ohun tí a fẹ́ tì pa. Jupiter fún ìbísí. Mars fún ìjà. Oòrùn fún iyì àti ìlera. Venus fún ìfẹ́. Mercury fún ọ̀rọ̀ ẹnu, ìwé kíkọ àti òwò. Òṣùpá fún oorun, àlá àti ìrìn àjò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ oorun mi yìí, Òṣùpá ló ni ín lóòótọ́. Ti Saturn ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ojú lè gbé e. Ẹni tó bá ń kánjú, kó fi àpótí nọ́ńbà sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn.

Kẹ̀kẹ́ lẹ́tà

Ẹgbẹ́ awo Golden Dawn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1888, máa ń ya òdòdó kan tó ní ewé 22 ní agbo mẹ́ta (3, 7 àti 12), lẹ́tà Hébérù kan nínú ewé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fi ìlà tọ orúkọ láti ewé dé ewé. Àwọn àjẹ́ òde òní gbé lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí i dípò, èyí tí ẹ máa rí jù nìyẹn.

Ẹ má lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ ya tiyín. Ábídí wa ní fáwẹ̀lì 7 àti kọ́ńsónáǹtì 18. Ẹ kó àwọn 7 sí agbo inú, ẹ kó àwọn 18 sí agbo ìta. Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀: nítorí pé kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì ló ń tẹ̀ lé ara wọn nínú ọ̀rọ̀ wa, ìlà náà á máa jáde, á máa wọlé. *Balẹ̀*: síta sí B, wọlé sí A, síta sí L, wọlé sí Ẹ. Gbólóhùn Yorùbá á ṣí lórí kẹ̀kẹ́ yìí bí ìràwọ̀, láìṣe pé ẹ yọ lẹ́tà kan dànù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo yà á, mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́, mò ń wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín wọlé lódindi, pẹ̀lú fáwẹ̀lì rẹ̀, mi ò mọ ọ̀nà tó dára ju èyí lọ. Bí gbólóhùn bá sì ti gùn ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ, ìlà á dìjú pọ̀ bí òwú tó lọ́. Orúkọ àti gbólóhùn kúkúrú ni kí ẹ fi sí i.

Àmì àtijọ́ àti àmì tó ti wà nílẹ̀

Ibí ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún sùúrù, torí ibẹ̀ ni èèyàn ti ń ṣi nǹkan lò jù.

Rune ni lẹ́tà àtijọ́ àwọn ará àríwá Yúróòpù; èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ní lẹ́tà 24. Wọ́n máa ń so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ sórí igi kan. Ó dà bí ọ̀nà lẹ́tà, àyàfi pé rune kọ̀ọ̀kan ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ kò lè sọ pé kó má sọ ohun tó ń sọ. Àwọn Násì, ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler ní Jámánì, lo àwọn kan nínú wọn. Rune oòrùn, tó rí bí mànàmáná, ni wọ́n fi méjì rẹ̀ ṣe àmì SS, ẹgbẹ́ ológun wọn, òfin Jámánì sì ka fífi í hàn ní gbangba léèwọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lè so oòrùn méjì pọ̀ nítorí ìlera, kó wá gbé ohun tí kò ní lọ́kàn jáde. Kí ẹ tó so rune pọ̀, ẹ wo ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Vegvísir ńkọ́, àmì ẹsẹ̀ mẹ́jọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fín sára pé ti àwọn Viking, àwọn ajagun ojú omi àtijọ́ ní àríwá Yúróòpù, ni? Inú ìwé àfọwọ́kọ kan ní Iceland ni a ti mọ̀ ọ́n, Geir Vigfússon ló kó ìwé náà jọ ní 1860. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800 ọdún lẹ́yìn ìgbà àwọn Viking. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé ẹni tó bá gbé e dání kò ní ṣìnà nínú ìjì, kódà bí kò bá mọ ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó wuyì ni, mo sì fẹ́ràn àmì náà fún ìrìn àjò. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó bá gbé e mọ ohun tó gbé.

Ti àwọn èdìdì 72 inú ìwé awo Goetia, tí wọ́n kọ ní sẹ́ńtúrì 17, yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí a ti ń sọ bọ̀. Ìfẹ́ ọkàn yín kọ́ ló wà níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀mí kan tó ní orúkọ, bí ìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ síwèé. Ẹni tó bá yà á ń pe ẹnì kan ni, kò tọrọ nǹkan. Mo ti rí i tí wọ́n gbé e sójú fóònù nítorí pé ó rẹwà. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ fẹ́ bá ẹni náà sọ, ẹ má kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọ̀nà ìkẹyìn ni kí ẹ pa ojú dé, kí ẹ ro ohun tí ẹ fẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ọwọ́ máa lọ. Ó dára fún ìbànújẹ́ àti ohun tí kò ní ọ̀rọ̀. Fún ohun mìíràn, mo rò pé gbólóhùn dáa jù, torí ó máa ń fi ipá mú èèyàn mọ ohun tó ń fẹ́ gan-an.

Ká gbàgbé, àbí ká máa wò?

Nígbà kan tí mò ń wá iṣẹ́, mo fi ọ̀nà lẹ́tà ṣe àmì kan, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì mi. Àṣìṣe mi nìyẹn: àmì tí ó yẹ kí n gbàgbé ni mo gbé sójú. Bí mo bá ti jí, ojú mi á lọ síbẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, mi ò rí àwòrán mọ́, gbólóhùn tó wà nídìí rẹ̀ ni mò ń kà, àníyàn á sì gorí àníyàn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo já a, mo sun ún. Nígbà tó ṣe díẹ̀ mo ya òmíràn, kì í ṣe fún iṣẹ́ náà, fún bí mo ṣe fẹ́ jẹ́ lójú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò: *Ohùn mi dúró.* Kẹ̀kẹ́ lẹ́tà ni mo fi ṣe é, ìyẹn sì wà lójú fóònù mi di òní. Bí mo bá rí i, èjìká mi máa ń nà.

Bí mo ṣe ń pín in nìyẹn láti ìgbà náà. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí kò sí lọ́wọ́ yín pátápátá, bí èsì, ìpè, ìdájọ́: ẹ lo ọ̀nà lẹ́tà tàbí àpótí, kí ẹ sì pa á run. Ìwà tí ẹ fẹ́ máa hù, ààlà tí ẹ fẹ́ máa pa mọ́, ilé tí ẹ fẹ́ dáàbò bò: ẹ lo kẹ̀kẹ́ tàbí rune tí ẹ ti yẹ̀ wò, kí ẹ sì fi í síbi tí ojú á ti máa bá a.

Ohun tí ẹ yà á sí lára náà gbọ́dọ̀ bá ìyẹn mu. Àbẹ́là dára gan-an fún ohun ìgbàgbé: ẹ fi ìṣó tàbí abẹ́rẹ́ gbẹ́ ẹ sí i lára, bó ṣe ń jó ló ń pa àmì náà rẹ́, ẹ kò ní láti ṣe ohunkóhun mọ́. Omi tí ẹ fi ìka yà sára ilẹ̀kùn náà á gbẹ láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Ìwé ni ẹ lè sun, nínú abọ́ onírin, kí fèrèsé ṣí sílẹ̀, kí omi wà nítòsí. Ojú fóònù jẹ́ ti àmì ojoojúmọ́. Fífín sára ńkọ́? Ìfẹ́ ọkàn a máa yí padà, awọ ara kì í yí. Ohun tí ẹ jẹ́ nìkan ni kí ẹ fín, kì í ṣe ohun tí ẹ ń wá.

Ní ti fífún àmì lágbára, àwọn kan ń jó títí ó fi rẹ̀ wọ́n, àwọn kan ń wò ó láìṣẹ́jú títí ìlà rẹ̀ fi ń fò lójú. Àwọn kan ń di èémí mú. Ẹni tí ọkàn tàbí èémí rẹ̀ kò le kó má dán an wò. Ìṣẹ́jú tí ọkàn kò bá ro nǹkan kan ni gbogbo wọn ń wá. Èmi máa ń wò ó ni, torí ara mi gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì fi orúkọ ẹlòmíràn sínú rẹ̀ bí kò bá mọ̀ sí i. Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Ìwé méjì ni mo ń fi pa iṣẹ́ mi mọ́. Gbólóhùn àti ọjọ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀kan, àwòrán wà nínú èkejì, kò sì sí nọ́ńbà tó so wọ́n pọ̀. Nígbà tí mo ṣí ìwé àwòrán láìpẹ́ yìí, mo bá ilé kékeré tó fẹ̀yìn ti igi yẹn, mo sì rántí rẹ̀ kíákíá nítorí pé mo ti fi í kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Mẹ́ta mìíràn wà lójú ìwé kan náà, ọwọ́ mi ló yà wọ́n, mo wò wọ́n títí, mi ò mọ ohun tí ìkankan nínú wọn wà fún.